Bí A Ṣe Ń Túmọ̀ Ohun Tí Síkánà Sọ Nípa Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́

Iná aláwọ̀ ọsàn tó máa ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, èyí tí àwọn awakọ̀ mọ̀ sí check engine, kì í dárúkọ ohun tó bàjẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, ti rí òǹkà kan tí kò bá ohun tó ń retí mu, ó sì ti fi nọ́ńbà kan pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Láàárín ẹ̀rí yìí àti ohun tí wọn yóò tún ṣe gan-an, iṣẹ́ ìtumọ̀ wà níbẹ̀, iṣẹ́ yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò kọjá nígbà tí wọ́n bá so síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà yìí, mọ́ ọkọ̀, tí wọ́n ka nọ́ńbà, tí wọ́n sì gba ọjà Ládípọ̀ ní Mushin lọ láti ra sẹ́ńsọ̀ tí orúkọ rẹ̀ jọ mọ́ nọ́ńbà náà. Owó irú sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣòfò, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n yọ dànù ni òtítọ́ rẹ̀ dájú jù lọ nínú ẹ́ńjìnnì náà: òun ló rí àléébù, òun náà ló sì tú u síta.

Òfin ìmọ́tótó afẹ́fẹ́ ló bí ètò yìí, kì í ṣe ìrọ̀rùn àwọn mẹkáníìkì. Èéfín ọkọ̀ ti da ojú sánmà Los Angeles rú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àjọ California Air Resources Board tó fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ máa ṣọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó sì kan àwọn ọkọ̀ ọdún 1996, òfin Amẹ́ríkà pàṣẹ pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ètò kan náà tí wọ́n ń pè ní OBD-II, pẹ̀lú ihò ìsopọ̀ olójú 16 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí sítẹ́rìn. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2001 fún àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń lo pẹtiróòlù. Nítorí náà, tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 síwájú ní ihò yìí, ìbáà jẹ́ Toyota, Honda tàbí Ford. Ó yẹ kí òǹkàwé fi orísun òfin náà sọ́kàn, nítorí pé èéfín ni ètò yìí ń ṣọ́ ju ohunkóhun mìíràn lọ: bíárìn tó ti jẹ, ọ́ìlì tó ti dúdú, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń jo ọ́ìlì síta lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ pátápátá láìjẹ́ pé iná check engine tàn rárá.

Àwọn ọkọ̀ tó ṣáájú àkókò yìí yàtọ̀. Peugeot 504 oníkaborétọ̀ tí wọ́n tò ní Kàdúná nígbà kan rí kò ní kọ̀ǹpútà kankan tí síkánà lè bá sọ̀rọ̀. Toyota ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú iná ni ó fi ń sọ̀rọ̀: ẹni tó bá fi wáyà kékeré so ojú TE1 pọ̀ mọ́ ojú E1 nínú àpótí ìsopọ̀ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó sì yí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, yóò rí i tí iná check engine ń ṣẹ́jú, yóò sì máa kà á. Bí ó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tó sinmi díẹ̀, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, 22 nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì kan sẹ́ńsọ̀ ooru omi ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ 21, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ni.

Nọ́ńbà ètò OBD-II, tí wọ́n ń pè ní kóòdù, ní ìtò tirẹ̀. Nínú P0301, lẹ́tà P dúró fún ẹ́ńjìnnì àti jíà, gẹ́gẹ́ bí B ṣe dúró fún ara ọkọ̀, tí C dúró fún bíréèkì àti àwọn ohun ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí U sì dúró fún ìbánisọ̀rọ̀ àárín àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀. Òdo tó tẹ̀ lé lẹ́tà náà fi hàn pé kóòdù tí gbogbo ilé iṣẹ́ jọ ń lò ni, nígbà tí 1 bá sì wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló fún un ní ìtumọ̀, nítorí èyí ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìtumọ̀ P1 ti Honda ka ti Toyota. Nọ́ńbà 3 ń tọ́ka sí iná plọ́ọ̀gì àti ìjóná tó kùnà, 01 sì ni sílíńdà kìíní. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ wá ń sọ pé epo inú sílíńdà kìíní kì í jó dáadáa. Kò sọ bóyá plọ́ọ̀gì ló bàjẹ́, tàbí kọ́ìlì, tàbí nọ́sùlù tó ń fọ́n epo, tàbí fáàfù tó ń jò. Lórí Toyota Corolla ọdún 2003 sí 2008 tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́ìlì tirẹ̀, ìdánwò rẹ̀ kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì sílíńdà kìíní pẹ̀lú ti ìkejì, kí wọ́n wa ọkọ̀ náà, kí wọ́n sì tún kóòdù kà. Bí ó bá di P0302, kọ́ìlì ló ń gbé àìsàn náà kiri. Bí ó bá dúró sí P0301, ọwọ́ kọ́ìlì mọ́, kí wọ́n yí ojú sí plọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà nọ́sùlù. Bí iná check engine bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, epo tí kò jó ń wọ inú páìpù èéfín lọ, ó sì lè mú kátálísítì, àpótí tó ń fọ èéfín mọ́, gbóná títí yóò fi yọ́. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù kíákíá, kí ó sì wá ibi dúró sí.

Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ òǹkà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iná mànàmáná nìkan ni sẹ́ńsọ̀ mọ̀ ọ́n fi ránṣẹ́. Ti ooru omi ẹ́ńjìnnì jẹ́ àpẹẹrẹ tó hàn kedere. Brain box ń fi iná fóòtì 5 ránṣẹ́ sí sẹ́ńsọ̀ yìí. Nígbà tí omi bá tutù, sẹ́ńsọ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, fóòtì tí brain box ń rí sì máa ń ga, ṣùgbọ́n bí omi ṣe ń gbóná ni iná ń rí ọ̀nà kọjá, tí fóòtì náà sì ń wálẹ̀. Bí wáyà bá wá já, tàbí tí ẹnu ìsopọ̀ bá yọ, fóòtì yóò dúró sí 5, brain box yóò sì ka èyí sí òtútù tó le jù lọ nínú ìwé rẹ̀, síkánà yóò sì kọ −40°C sílẹ̀ pẹ̀lú kóòdù P0118. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó tutù tó bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, nítorí náà òǹkà yìí kò sọ ohunkóhun nípa omi, nípa wáyà ló ń sọ̀rọ̀. Bí wáyà méjèèjì bá kan ara wọn, òdìkejì rẹ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀, òǹkà náà yóò sì fò sókè dé 140°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ni méjèèjì, kì í ṣe ti ẹni tó ń tú rédíétọ̀.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń parọ́ díẹ̀díẹ̀ ṣòro láti mú ju èyí tó já pátápátá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tó rọrùn. Bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú láìsítáàtì, omi inú ẹ́ńjìnnì àti afẹ́fẹ́ tó wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò ti ní ooru kan náà, èyí tó jẹ́ ooru òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, kí wọ́n sì fi òǹkà sẹ́ńsọ̀ omi àti ti afẹ́fẹ́ wé ara wọn: bí ọ̀kan bá sọ 26°C tí èkejì sì sọ 27°C, wọ́n ṣeé gbàgbọ́, bí ọ̀kan bá sọ 26°C tí èkejì ń sọ 9°C, ẹ̀tàn wọ inú ìṣirò epo láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wo fóòtì bátìrì, tó yẹ kó wà nítòsí 12.6 kí wọ́n tó sítáàtì, kí ó sì wà láàárín 13.5 sí 14.7 lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé iná tí kò tó máa ń mú kí brain box kọ oríṣiríṣi kóòdù tí kò ní orí tí kò ní ìdí.

Nígbà tí kóòdù bá wọlé, brain box tún máa ń ya àwòrán ipò ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, tí síkánà ń pè ní freeze frame: bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kánkán tó, ooru omi, eré tí ọkọ̀ ń sá, bí ẹrù tó wà lórí ẹ́ńjìnnì ṣe tó. Ibẹ̀ ni olùtúmọ̀ ti máa ń mọ̀ bóyá òwúrọ̀ kùtù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ni àléébù náà ń yọjú, tàbí orí òkè nígbà tí ọkọ̀ ń ru ènìyàn márùn-ún. Pípa kóòdù rẹ́ máa ń pa àkọsílẹ̀ yìí rẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà ó burú gidigidi kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ pa á rẹ́ ‘láti wò ó bóyá yóò padà wá’ kí ó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Inú ìṣirò epo ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó mọ̀ ọ́n kà ti ń ya ara wọn sọ́tọ̀. Kí pẹtiróòlù lè jó tán, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 ló gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n epo 1 pàdé. Sẹ́ńsọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní MAF ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, brain box ń ṣírò epo tó tọ́ sí i, nọ́sùlù ń fọ́n ọn, lẹ́yìn tó bá sì ti jó, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lẹ́nu páìpù èéfín ń wò ó bóyá ọ́síjìn ṣẹ́kù. Bí ọ́síjìn bá pọ̀ nínú èéfín, sẹ́ńsọ̀ náà yóò máa fi bíi fóòtì 0.1 ránṣẹ́, bí epo bá ti pọ̀jù, yóò sún mọ́ 0.9. Brain box yóò wá fi epo kún un tàbí dín in kù, àtúnṣe yìí sì ni síkánà ń fi hàn pẹ̀lú orúkọ méjì: STFT ni àtúnṣe ojú ẹsẹ̀, tó ń lọ sókè sódò ní gbogbo ìgbà, nígbà tí LTFT jẹ́ àtúnṣe tí brain box ti kọ́ fún ọjọ́ pípẹ́, tó sì ti di àṣà rẹ̀. Àmì + túmọ̀ sí pé ó ń fi epo kún un, àmì − sì túmọ̀ sí pé ó ń yọ nínú rẹ̀. Àròpọ̀ méjèèjì ló yẹ kí wọ́n máa kà, bí kò bá sì ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí ìhà méjèèjì, ẹ́ńjìnnì àgbà kò ní ẹjọ́ kankan láti rò níbẹ̀.

Kóòdù P0171 ń jáde nígbà tí àfikún epo bá ti pọ̀ ju ààlà lọ, tí èéfín sì ṣì ń fi hàn pé afẹ́fẹ́ ló borí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn lórí kóòdù yìí, bẹ́ẹ̀ ohun tí sẹ́ńsọ̀ náà rí ló sọ. Kí wọ́n fi ọkọ̀ sí sílò, ìyẹn ni pé kí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ṣiṣẹ́ láìtẹ tọ́tù, kí wọ́n kọ àròpọ̀ STFT àti LTFT sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tẹ tọ́tù títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa yí nígbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n dì í mú níbẹ̀, kí wọ́n sì tún òǹkà kọ. Ká sọ pé ti sílò jẹ́ +22, tí ti 2,500 sì já sí +5. Ìtumọ̀ èyí ni pé afẹ́fẹ́ tí MAF kò wọ̀n ń yọ́ wọlé láti ibòmíràn. Ẹ́ńjìnnì 1.8 bíi ti Corolla ń mí nǹkan bíi gíráàmù 2.5 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá wà ní sílò. Bí gíráàmù 0.5 mìíràn bá ń gba ihò wọlé, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń mí gíráàmù 10, gíráàmù 0.5 kan náà kò ju ìdá 5 lọ. Ihò náà kò yí padà, ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì ló pọ̀ sí i. Lórí 1ZZ-FE tó ti lo ọdún, ibi tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ ni gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, tí rọ́bà rẹ̀ ń le gbagidi bó ṣe ń dàgbà, lẹ́yìn náà àwọn páìpù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sán lẹ́yìn, àti rọ́bà ńlá tó wà láàárín MAF àti ẹnu tọ́tù, tí kì í fi sísán rẹ̀ hàn àfi bí wọ́n bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.

Bí òǹkà náà bá wá yí padà ńkọ́, tí sílò dára, ṣùgbọ́n tí àfikún ń ga sí i bí awakọ̀ ṣe ń tẹ tọ́tù? Ihò afẹ́fẹ́ kò lè ṣe èyí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé epo kò tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bèèrè púpọ̀, yálà nítorí pọ́m̀pù tó ti rẹ̀, tàbí fílítà epo tó ti dí, tàbí MAF tí eruku ti bò, tó fi ń ka afẹ́fẹ́ kéré sí bó ṣe jẹ́. Ní ìlú tí eruku ọyẹ́ ti ń jà, tí fílítà afẹ́fẹ́ ayédèrú sì kún ọjà, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fọ MAF pẹ̀lú kẹ́míkà ìfọ̀ tí wọ́n ṣe fún un, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan pọ́m̀pù.

Ohun méjì ló tún máa ń tan àwọn tó ti mọ èyí jẹ. Èkíní ni páìpù èéfín tó ti lu ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, bóyá níbi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀ tí kò dí dáadáa: afẹ́fẹ́ ìta ń wọ ibẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ń rí ọ́síjìn, brain box sì ń fi epo kún epo tó ti tó tẹ́lẹ̀. Ìkejì ni sílíńdà tí kì í jó. Ènìyàn lè rò pé epo tí kò jó yóò mú kí sẹ́ńsọ̀ kígbe pé epo pọ̀jù, ṣùgbọ́n ọ́síjìn ni sẹ́ńsọ̀ náà ń kà, kì í ka epo, ọ́síjìn tí sílíńdà yẹn kò lò sì ń bá èéfín jáde. Nítorí náà, bí P0301 àti P0171 bá jọ wọlé, P0301 ni kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú.

Nínú gbogbo àṣà ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Nàìjíríà, èyí tó ń ná onímọ́tò lówó jù láìmọ̀ ni yíyọ tẹ́mósítáàtì dànù. Tẹ́mósítáàtì ni ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dí omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, tó jẹ́ nítòsí 82°C lórí ọ̀pọ̀ Toyota, kí ó tó jẹ́ kí omi lọ tutù ní rédíétọ̀. Àwáwí àwọn tó ń yọ ọ́ ni pé oòrùn wa mú, pé orílẹ̀-èdè olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Àwáwí yìí kò tọ̀nà, nítorí pé ooru ẹ́ńjìnnì ni ìlẹ̀kùn náà ń ṣọ́, kì í ṣe ti ojú ọ̀run. Lórí síkánà, ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ tiẹ̀ máa ń jẹ́wọ́ ara rẹ̀ ní títì márosẹ̀: omi yóò wà ní 60°C tàbí 65°C nígbà tí ọkọ̀ ń sáré tí atẹ́gùn ń fẹ́ rédíétọ̀, yóò sì gòkè padà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kóòdù P0128 lè jáde, ó sì lè má jáde. Ní gbogbo àkókò tí omi bá tutù bẹ́ẹ̀, brain box gbà pé ẹ́ńjìnnì kò tíì jí, ó sì ń fún un ní epo òwúrọ̀ láti Ìbàdàn títí dé Èkó. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, rédíétọ̀ tó dí, fáànù tí kì í yí, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì tó ti jó ló yẹ kí wọ́n wá, kí wọ́n sì dá tẹ́mósítáàtì padà sí àyè rẹ̀.

Kóòdù P0420, tó ń sọ pé kátálísítì kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ mọ́, náà ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ọjà lásán. Kátálísítì ni àpótí inú páìpù èéfín tó ní pàláàtínọ́mù, pàládíọ́mù àti ródíọ́mù, àwọn mẹ́táàlì olówó iyebíye tó ń sọ èéfín olóró di èyí tó rọjú, nítorí owó wọn sì ni àwọn kan ṣe ń gé àpótí náà tà lára ọkọ̀, nígbà mìíràn láìsọ fún ẹni tó ni ọkọ̀. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kan wà níwájú rẹ̀, òmíràn wà lẹ́yìn. Ti iwájú, lórí àwọn ọkọ̀ tó ń lo irú èyí tó ń fò láàárín 0.1 àti 0.9, kì í sinmi. Ti ẹ̀yìn yẹ kó dúró jẹ́ẹ́ ní nǹkan bíi 0.6 sí 0.7, nítorí pé kátálísítì ti gba ọ́síjìn náà lò. Bí ti ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò bíi ti iwájú, kátálísítì ti kú, tàbí inú àpótí rẹ̀ ti ṣófo. Sẹ́ńsọ̀ tuntun tí wọ́n bá fi sí ẹ̀yìn yóò rí ohun kan náà tí ti àtijọ́ rí.

Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ ní ohun ìjà kan nínú síkánà tí àwọn tó ń tà kì í mẹ́nu kàn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa kóòdù rẹ́, brain box máa ń tún gbogbo ìdánwò ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀, ó sì ń gbà á ní wíwakọ̀ ọjọ́ mélòó kan kí ó tó parí wọn. Síkánà ń fi èyí hàn ní ojú ewé tí wọ́n pè ní readiness. Bí ìdánwò kátálísítì, ti sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn àti ti gáàsì inú táńkì epo bá jọ wà ní ipò àìtíìparí, tí ọkọ̀ kò sì ní kóòdù kankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bátìrì ni wọ́n yọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àná ni wọ́n pa kóòdù rẹ́. Kí olùrà tún wò ó pé iná check engine tàn nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́ kí ó tó sítáàtì, nítorí pé ó yẹ kó tàn. Bí kò bá tàn, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀.

Síkánà olówó pọ́ọ́kú tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti pẹ́ ní ìwà kan tó yẹ kí ẹni tó ń lò ó mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ṣáájú ọdún 2008, nígbà tí Amẹ́ríkà fi dandan lé ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ CAN tó yára, ń fi òǹkà ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ènìyàn bá bèèrè òǹkà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò máa dé pẹ̀lú ìdádúró, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó yè kooro yóò sì dà bí èyí tó ti ń sùn. Kí wọ́n mú ẹyọ kan tàbí méjì péré nígbà tí wọ́n bá ń wo sẹ́ńsọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù, kí wọ́n wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, kí wọ́n sì tún òǹkà sílò àti ti 2,500 kọ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ. Bí +22 bá ti di +3, ibẹ̀ ni àléébù náà wà. Bí ó bá sì ṣì wà ní +18, kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, kí wọ́n sì wo páìpù èéfín láti ẹnu ẹ́ńjìnnì dé ibi tí sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ wà.